Ìbúgbàù tí wọ́n fi ń dènà ìbúgbàù: Bí àwọn awakùsà South Africa ṣe ń tu àpáta lójú nísàlẹ̀ ilẹ̀

Ní ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún, ọdún 2018, ilẹ̀ mì tìtì nínú kòtò ìwakùsà wúrà Driefontein, tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Johannesburg, lórílẹ̀-èdè South Africa. Ìmìtìtì náà kò tó èyí tó lè wó ilé lókè eèpẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju 2.2 lọ, ọ̀pọ̀ ẹni tó wà lójú títì lè má tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, àpáta ya lu àwọn òṣìṣẹ́ 13. Àwọn 7 kú nínú wọn, wọ́n sì gbé àwọn 6 yòókù lọ sí ọsibítù.

Kì í ṣe dínámáìtì ló pa wọ́n o. Àpáta fúnra rẹ̀ ló bú, bí ìgbà tí gúgúrú bá ta nínú ìkòkò. Àwọn awakùsà mọ irú ìjàǹbá yìí dáadáa, ó sì wà lára ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù jù ní àwọn kòtò tó jìn. Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé ọ̀kan lára àwọn òògùn tí wọ́n rí sí i ni kí wọ́n gbé ohun abúgbàù wọ inú àpáta ọ̀hún, kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bú u, ní àkókò tí àwọn fúnra wọn yàn.

Ẹni tó ń ta ṣéènì àti yẹtí wúrà ní Balógun l'Ékòó mọ iye tí gíráàmù kan ń lọ láàárọ̀, ó sì tètè ń mọ̀ bó bá ti gbówó lórí nírọ̀lẹ́. Iye tí wọ́n ń ná kí wúrà tó kúrò nínú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Bẹ́ẹ̀, inú owó yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Kòtò tí àpáta bá ti bú pa èèyàn nínú rẹ̀, wọ́n lè tì í pa fún ọjọ́ mélòó kan tàbí fún oṣù mélòó kan. Owó oṣù á máa lọ, owó iná á máa lọ, omi tó ń sun láti inú ilẹ̀ kò ní dẹ́kun pé kí wọ́n máa fà á jáde, wúrà kò sì ní jáde.

Ọdún 1886 ni ìròyìn wúrà gba ìgboro ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Witwatersrand, níbi tí Johannesburg wà lónìí. Wúrà ibẹ̀ kì í ṣe òkúta ńláńlá tí èèyàn lè fọwọ́ ṣà. Inú ìpele àpáta tẹ́ẹ́rẹ́ ló fọ́n ká sí, tí kò nípọn ju mítà kan lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, ìpele náà sì dagẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ bí òrùlé páànù. Ibi tó yọjú sókè ni wọ́n kọ́kọ́ wà. Nígbà tó tán, wọ́n tẹ̀lé e wọ ilẹ̀, àwọn ọmọ wọn tẹ̀lé e, títí tó fi kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lónìí. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ South Africa pàápàá, láti Lesotho àti Mozambique ni wọ́n ti ń wá, owó tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sílé ni ìyàwó àti ọmọ ń jẹ.

Kòtò Mponeng ló jìn jù nínú gbogbo wọn. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí "ẹ wò mí" ní èdè Sotho. Ilé-iṣẹ́ Harmony ló ni ín láti ọdún 2020 tí wọ́n ti rà á lọ́wọ́ AngloGold Ashanti. Jíjìn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 4. Ẹni tó bá mọ Third Mainland Bridge l'Ékòó, kó mú ìdá kan nínú mẹ́ta afárá yẹn, kó gbé e nàró, kó wá rì í wọlẹ̀ ṣánṣán. Àpáta ibẹ̀ gbóná kọjá 60 dígírì, débi pé yìnyín ni wọ́n ń dà ránṣẹ́ láti òkè kí atẹ́gùn lè tutù fún àwọn òṣìṣẹ́.

Ooru ṣeé fi yìnyín pa. Ẹrù ni kò ṣeé gbé kúrò. Àpáta tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga, á wúwo tó tọ́ọ̀nù 2.7. Bí èèyàn bá wà ní kìlómítà 3 nísàlẹ̀, irú rẹ̀ 3,000 ló tò léra wọn lórí ilẹ̀ tí kò ju mítà kan sí mítà kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: tọ́ọ̀nù 8,100 ni. Tírélà tó kó 600 àpò sìmẹ́ǹtì, tọ́ọ̀nù 30 ló gbé. Ìyẹn ni pé ẹrù tírélà 270 ló dúró lórí ibi tí kò fẹ̀ ju tábìlì ìyá oníbúrẹ́dì lọ.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án, kò sí wàhálà, gbogbo àpáta jùmọ̀ ń ru ẹrù náà ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá wa ihò sí i ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó bá ti kọ́ ilé alájà rí mọ̀ pé bí wọ́n bá yọ òpó kan lábẹ́ dẹ́kìn, ẹrù òpó yẹn kò ní tìtorí ẹ̀ pòórá, àwọn òpó tó kù nítòsí ló máa rù ú mọ́ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ihò òfìfo kò lè ru nǹkan kan, nítorí náà ẹrù orí rẹ̀ á ya sí ẹ̀gbẹ́, á lọ kó jọ sí ìtòsí ojú àpáta tí àwọn òṣìṣẹ́ dojú kọ, tí wọ́n ń lù, tí wọ́n ń gbẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ gan-an ni ẹrù pọ̀ sí jù.

Irú àpáta tó wà níbẹ̀ tún dá kún un. Bó bá jẹ́ amọ̀ ni, á tẹ̀, èèyàn á sì rí i kó tó wó. Àpáta Witwatersrand le koko, kì í tẹ̀. Ó máa ń gba ẹrù mọ́ra, á pa á mọ́ra, títí ọjọ́ tí kò ní lè gbà á mọ́, á wá fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú agbára. Ìdí nìyẹn tí gúgúrú fi jẹ́ àfiwé tó súnmọ́ ọn jù. Èèpo rẹ̀ tó le ló ń jẹ́ kó ta.

Ààbò díẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò ti ọwọ́ èèyàn wá. Àpáta tó wà lójú ibi iṣẹ́ máa ń sán fúnra rẹ̀ nítorí ẹrù tó dé bá a, bí àwo tó ti là ṣùgbọ́n tí kò tíì fọ́. Àpáta tó ti sán kò lè gbé ẹrù ńlá mọ́, nítorí náà ẹrù náà á sún sẹ́yìn, sí ibi tí àpáta ṣì wà lódidi, mítà mélòó kan sí ojú iṣẹ́. Ibi tó ti sán yìí á wá dà bíi tìmùtìmù láàárín òṣìṣẹ́ àti ibi tí ewu wà. Bí tìmùtìmù náà bá nípọn tó sì dẹ̀, àpáta ẹ̀yìn rẹ̀ lè bú, ipá rẹ̀ á ti rọ kó tó dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Bó bá tín-ín-rín ńkọ́? Tàbí tí àwọn ojú tó sán bá fún mọ́ra wọn débi pé wọn kò lè yọ̀ lórí ara wọn? Ẹrù á padà wá sí iwájú, á dúró sí ẹsẹ̀ mélòó kan sí imú ẹni tó di ẹ̀rọ ìlùhò mú.

Títú tìmùtìmù yẹn sílẹ̀, kó sì nípọn sí i, ni ìbúgbàù àmọ̀ọ́mọ̀ṣe wà fún. Fọganáísà tó mọṣẹ́ kì í fọwọ́ kan ríìmù tírélà nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì kún inú táyà. Á kọ́kọ́ yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀, torí ó mọ ohun tí ríìmù lè fi ojú èèyàn ṣe. Àfiwé náà dára, àmọ́ kò bá a dé òpin. Afẹ́fẹ́ táyà máa ń jáde lọ pátápátá ni. Ẹrù àpáta kò lọ síbì kankan, gbogbo tọ́ọ̀nù 8,100 yẹn ṣì wà lókè, wọ́n kàn sún ibi tó ti ń tẹ ilẹ̀ jinnà sí èèyàn ni. Ẹni tó bá sọ pé ìbúgbàù yìí ń pa ẹrù àpáta rẹ́, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1908 ni wọ́n ti gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí ìdí tí ilẹ̀ fi ń mì ní Johannesburg, àṣírí sì tú pé ìwakùsà ló fà á. Ní àwọn ọdún 1950 sí 1959, ilé-iṣẹ́ East Rand Proprietary Mines, tí wọ́n ń pè ní ERPM, ní Boksburg, bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò tó gùn tó mítà 3 wọ inú ojú àpáta, wọ́n á sì bú u kí wọ́n tó wa ibẹ̀. Èrò wọn nígbà náà ni pé àwọn ń fọ́ àpáta tó ṣì wà lódidi kó lè dẹ̀. Àbájáde rẹ̀ dára lójú wọn, ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1957. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé bí àpáta ibẹ̀ bá ti sán fúnra rẹ̀, kí ni wọ́n tún ń fọ́? Ìbéèrè gidi ni. Kò sí èsì tó tẹ́ni lọ́rùn fún un lásìkò yẹn, ọ̀nà náà sì di ohun àpatì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni àwọn olùwádìí àjọ CSIR, tó jẹ́ àjọ ìwádìí ìjìnlẹ̀ South Africa, tún gbé e yọ. Wọ́n dán an wò ní kòtò Blyvooruitzicht àti ní Western Deep Levels, tí Mponeng jẹ́ ara rẹ̀ nígbà náà. Ohun tí wọ́n rí ló dáhùn ìbéèrè àtijọ́. Ìbúgbàù náà kì í sábà dá ojú ìsán tuntun sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń jáde lára ohun abúgbàù ló ń wọ inú àwọn ojú tó ti sán tẹ́lẹ̀, á là wọ́n díẹ̀, wọn á yọ̀ lórí ara wọn, ẹrù tó há sáàárín wọn á sì tú. Nítorí náà, àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ní ERPM kò ṣìṣe nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn, àlàyé tí wọ́n ṣe ni kò pé. Ní àárín ọdún kan náà ni ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin ìlera àti ààbò àwọn awakùsà, ní 1996, tó fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti kúrò níbi tó bá rí i pé ẹ̀mí òun wà nínú ewu.

Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù lónìí rọrùn láti ṣàlàyé. Lójoojúmọ́, àwọn awakùsà máa ń lu ihò kéékèèké tí gígùn wọn kò ju bíi mítà kan lọ sí ojú àpáta, àwọn ihò wọ̀nyí ni wọ́n fi ń bú òkúta tó ní wúrà jáde. Wọ́n á wá fi ihò mìíràn kún un, tó gùn tó mítà 3, ọ̀kan níhìn-ín, òmíràn ní nǹkan bí mítà 3 sí i, bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí ojú iṣẹ́. Ihò gígùn yìí kò wà fún wúrà ti òní. Àpáta tí wọ́n máa wà ní ọ̀la àti ọ̀tunla ló ń tú sílẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni ìdí ihò. Ohun abúgbàù kì í kún ihò náà dé ẹnu, amọ̀ ni wọ́n ń fi dí apá ìta, wọ́n á kì í dáadáa. Bí amọ̀ kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí wọ́n kàn fi díẹ̀ gbọn-ọ́n lẹ́nu, afẹ́fẹ́ gbígbóná náà á gba ẹnu ihò jáde bí ọ̀yẹ̀ láti inú ìkòkò tí kò ní ọmọrí, ariwo á pọ̀, àpáta kò sì ní tú. Ètò tí wọ́n ń gbà bú wọn náà ṣe kókó. Ihò gígùn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bú, kí àwọn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bí àwọn kékeré bá ṣáájú, wọ́n á ti gbé àpáta iwájú rẹ̀ lọ, kò ní sí ohun tó máa há ipá rẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kejì wà fún ibi tó ti há jù, bí òpó àpáta tí wọ́n fi sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ tí wọ́n wá fẹ́ wà. Níbẹ̀, ihò ńlá tó lè gùn ju mítà 10 lọ ni wọ́n ń lù, tí á máa bá ojú àpáta rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, mítà mélòó kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ipá rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n tó lè lù ú, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́pọ̀ tó ti àkọ́kọ́.

Owó ńkọ́? Ihò tó gùn sí i gba àkókò, gba irin ìlùhò, gba ohun abúgbàù, gba amọ̀. Iye mítà tí wọ́n bá wà sì ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìwúrí fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ kòtò. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ooru, tó ti rẹ̀, tí aago sì ti ń lọ, ihò tí kò kan owó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí wọ́n lù ú ní láti dúró tì í. Ewu mìíràn tún wà nínú ihò gígùn. Bí ọ̀kan kò bá bú tán, ohun abúgbàù á ṣẹ́kù sí ìdí rẹ̀, ẹni tó bá sì lu ihò tuntun bá a lọ́jọ́ kejì lè má jáde níbẹ̀ láàyè. Òfin tí wọ́n ń kọ́ ọmọṣẹ́ tuntun ni pé kò gbọ́dọ̀ lu ihò sínú ìdí ihò àtijọ́ láé.

Èrè rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀mí nìkan, ohun tó jẹ́ kí àwọn onílé-iṣẹ́ gbọ́rọ̀ nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa, àpáta tó ti tú máa ń fọ́ dáadáa nígbà tí wọ́n bá bú u, ojú iṣẹ́ á sún síwájú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú ìbúgbàù kan náà, àjà orí àwọn òṣìṣẹ́ á sì tẹ́jú sí i. Owó tó bá ihò gígùn lọ ń gba ibẹ̀ yẹn padà wá.

Nílẹ̀ Yorùbá, kò tíì sí kòtò tó jìn débi pé àpáta rẹ̀ á máa ta bíi gúgúrú. Wúrà Segilola ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 2021, ihò gbangba ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn oníkúárì náà ń bú àpáta, ohun tí wọ́n sì ń ṣọ́ ni kí òkúta má fò lu èèyàn, kí ilẹ̀ má sì mì dé ògiri aládùúgbò. Síbẹ̀, oníkúárì tó mọ ìdí tó fi ń dí ẹnu ihò, tó sì mọ ìdí tí kì í fi í bú gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan náà, ti mọ ìdajì ohun tí wọ́n ń ṣe ní Mponeng.

Ní Amẹ́ríkà, ìtàn kòtò fàdákà Lucky Friday ní ìpínlẹ̀ Idaho fi hàn bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń wọ ìwé ìṣirò owó. Ilé-iṣẹ́ Hecla ló ni ín. Ní ọdún 2011, òṣìṣẹ́ méjì kú níbẹ̀ nínú ìjàǹbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún náà, àpáta bú, ó ṣe àwọn 7 léṣe. Àwọn aláṣẹ ààbò ìwakùsà wọlé, wọ́n yẹ gbogbo ibẹ̀ wò, wọ́n ní kí wọ́n fọ ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún gba ibẹ̀. Bí ọdún 2012 ṣe lọ nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí fàdákà kankan tó jáde. Wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ìlú kékeré Mullan náà kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni Hecla bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà mìíràn. Nígbà tó di bíi ọdún 2020 sí 2021, wọ́n ti ń lo ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń lu ihò gígùn láti òkè wọ inú ìpele fàdákà, tí wọ́n á sì bú èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí kò sí èèyàn nítòsí. Ìbúgbàù náà á jẹ́ kí àwọn ojú ìsán ńlá inú àpáta yọ̀, kí ilẹ̀ mì, kó mì tán lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn òṣìṣẹ́ á wá kó òkúta tó ti fọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, lábẹ́ àjà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì pò. Ní ọdún 2022, fàdákà tó jáde níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 4 oúnsì.

Kò sí ẹni tó lè fi ohun abúgbàù nìkan ṣe é. Ojú ìsán ńlá tó wà níbi tó jinnà sí ojú iṣẹ́ lè yọ̀ nígbàkígbà, ihò mítà 3 kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi òpó àpáta ńlá sílẹ̀ láìwà, pẹ̀lú gbogbo wúrà tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń dí ihò àtijọ́ padà, tí wọ́n sì ń ta àwọ̀n irin mọ́ àjà kí òkúta má baà já lu èèyàn. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ní gbogbo ibi ìwakùsà South Africa, ìjàǹbá pa èèyàn 221 ní ọdún 2007. Ní 2019, ó jẹ́ 51. Ní 2024, ó jẹ́ 42.

Ohun tó kù ni dídúró. Wọ́n máa ń ya àkókò kan sọ́tọ̀ lóòjọ́ tí wọ́n á bú gbogbo ihò, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti jáde. Àkókò yẹn ni wọ́n fẹ́ kí àpáta bínú, torí kò sí ẹni tó máa bínú lé lórí. Bí ihò bá ti bú, àwọn onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà lókè, wọ́n á máa ka bí àpáta ṣe ń mì kéékèèké nísàlẹ̀, títí yóò fi rọlẹ̀. Ó máa ń gba wákàtí mélòó kan. Nígbà tó bá dákẹ́ ni wọ́n tó ń sọ fún àwọn tó kàn pé kí wọ́n wọ inú lífìtì.